Ìkòkò Funfun Tó Ń Gbóná Lọ́sàn-án

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹnu àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ta kora. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, n kò ní bá a jiyàn. Àwọn náà kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín.

Ọdún 1991 ni, ní Ìgándò, nígbà tí ilé kò tíì fún mọ́ra níbẹ̀ bíi ti ìsinsìnyí. Fàúsátù ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Iwájú ilé ló pa àtẹ rẹ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sàkàrìyáù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ wọn márààrún ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká. Ó ku àwọn méjèèjì nínú ilé, àti àwọn ìkòkò.

Ìkòkò ni Fàúsátù ń kó jọ. Kì í ṣe ti amọ̀, kì í ṣe ti irin. Àwọn ìkòkò funfun kan ni, tó ti òkè òkun wá láyé ọjọ́un. Wọ́n dán bí àwo. Òdòdó búlúù kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gíláàsì ni ìdérí wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé kò lè pẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iná kì í fọ́ ọ. Èèyàn lè yọ ọ́ nínú fìríìjì kó gbé e ka orí sítóòfù lójú ẹsẹ̀, kó má sán. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe é kò ṣe olódòdó yẹn mọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wíwá rẹ̀ dùn.

Ọwọ́ ìyàwó dókítà kan tó ń kó kúrò n'Íkẹjà ló ti ra àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà kò sinmi mọ́. Bó bá di Sátidé, yóò gba Abúlé Ẹ̀gbá lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ẹrù àlòkù sórí tapólì. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á ní, "Màmá Olódòdó ti dé." Yóò fi èékánná ta ìkòkò náà, yóò tẹ́tí. Yóò gbé e sókè sí oòrùn, bóyá ó ti sán. Yóò fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yípo, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yẹ iwájú orí ọmọ wò bóyá ó gbóná. Bó bá délé, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò fi fọ̀ ọ́, títí àbàwọ́n ọbẹ̀ ẹlòmíràn yóò fi kúrò lára rẹ̀.

Sàkàrìyáù ló kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ní pálọ̀, láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù. Mẹ́rìnlá ni wọ́n.

"Ọmọ márùn-ún lo bí," ó máa ń sọ fún un, "mẹ́rìnlá lo gbà tọ́."

"Àwọn mẹ́rìnlá yìí kì í béèrè owó ilé ìwé," Fàúsátù á fèsì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, yóò gbé ọ̀kan sílẹ̀, yóò fi se ọbẹ̀. Sàkàrìyáù á ti mọ ohun tó ń sè kó tó dé láti mọ́ṣáláṣí. Láti kọ̀rọ̀ ilé ni yóò ti máa pe orúkọ ọbẹ̀ náà bọ̀. Kì í ṣì í.

Àmọ́ ní ọdún méjì ṣáájú, ibà kan mú un, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn líle. Nígbà tí ibà náà ń lọ, ó mú imú rẹ̀ lọ. Kò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Kò gbóòórùn kẹrosíìnì, kò gbóòórùn òjò, kò gbóòórùn ìyàwó rẹ̀. Adùn oúnjẹ bá òórùn lọ. Ó ní bí òun bá gbé òkèlè sẹ́nu, bí ìgbà tí òun ń jẹ ìyẹ̀fun pákó ni. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ó ṣe sùúrù. Ó ń rù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fàúsátù tún bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ rán sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé nítorí òun ni ọkọ òun fi ń jẹun, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Kò sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ó ń ka egungun èjìká rẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ní oṣù keje ọdún yẹn, ẹnìkan sọ fún Fàúsátù pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń kó lọ sí Àbújá láti Gowon Estate, ó sì ń ta ẹrù. Ó lọ. Obìnrin náà ń jẹ́ Agnes, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó tutù lénìyàn. Ó kó àwo sílẹ̀, ó kó àga sílẹ̀. Fàúsátù ò wo ìyẹn. Ó ti rí òdòdó búlúù nísàlẹ̀ páálí kan, lábẹ́ ìwé ìròyìn.

Ó gbé e jáde. Ìkòkò ribiti, kò tóbi, kò kéré. Ó ti pẹ́, nítorí òdòdó rẹ̀ ti ń ṣí níbi tí ọwọ́ ti máa ń dì í mú. Ó fi èékánná ta á. Ó dún, tìn-ín. Ó ń dún lọ. Fàúsátù dúró títí ohùn náà fi tán, ó sì pẹ́ kó tó tán. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó wà nílé tó ń dún bẹ́ẹ̀.

"Ìyẹn ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa," Agnes sọ. "Ẹ gbé e. Mo rí i pé ẹ mọyì ẹ̀."

Inú Fàúsátù dùn títí dé Ìgándò. Orí itan ló gbé e lé nínú ọkọ̀. Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọjọ́ kẹta ni.

Ọ̀sán gangan. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ti dúró. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà níwájú ilé Àdíját, aládùúgbò wọn, ti dákẹ́. Adìẹ ti wọ abẹ́ ìbòòji. Kò sí atẹ́gùn. Ewé kan ò mì. Fàúsátù jókòó ní pálọ̀, ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo. Ó gbọ́ ìró kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Tìn-ín. Tìn-ín. Tìn-ín.

Bí ẹni tó ro ọbẹ̀ tán, tó wá ń gbọn ṣíbí sí etí ìkòkò.

Ó rò pé eku ni. Ó gbé agolo sílẹ̀. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó fẹ́ dìde ni Sàkàrìyáù yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń súnkì.

"Ìyá Ìdíátù," ó ní, "kí lò ń sè?"

"N ò se nǹkan kan."

"Ẹ̀bọ̀lọ̀ ni."

Fàúsátù wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti rí ẹ̀bọ̀lọ̀ lọ́jà kẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ fa imú. Kò gbóòórùn ohunkóhun.

"Ẹ̀bọ̀lọ̀," Sàkàrìyáù tún sọ. "Irú wà ńbẹ̀. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ wà ńbẹ̀. Fàúsá, mo ń gbóòórùn."

Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ gbé Fàúsátù dìde. Kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ayọ̀ náà tutù díẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí Sàkàrìyáù kò yà sí ilé ìdáná. Ọ̀dọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ló ń lọ.

Ìdérí mẹ́rìnlá mọ́ kedere. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ti fi ooru bojú. Omi ń kán nínú gíláàsì rẹ̀, tó, tó.

Fàúsátù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó na ọwọ́, ó fà á sẹ́yìn. Ó gbóná. Àkísà ló fi gbé e jáde. Ó ṣí i.

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó funfun dé ìsàlẹ̀.

Sàkàrìyáù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ojú. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè, ń lọ sódò, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gùnfẹ̀, ó ní Alihamudulilahi.

"Mo ti yó," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni. Bí ọ̀sán bá ti kan gangan, tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, ìró mẹ́ta yóò dún. Ìkòkò yóò gbóná. Sàkàrìyáù yóò ti jókòó dè é. Yóò máa pe orúkọ ohun tó bá dé. Lónìí ẹ̀wà elépo ni. Lọ́la ilá ni, pẹ̀lú edé. Ní ọjọ́ Àtàláátà kan, ó fa imú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó jóná lónìí," ó ní. "Ẹni tó ń sè é ti lọ sẹ́yìnkùlé."

Fàúsátù kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ ẹni náà. Ẹ̀yìnkùlé wo.

Ọkọ rẹ̀ ń sanra. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn, gbogbo àdúgbò rí i. Egungun èjìká wọlé. Bọ́tìnnì ṣòkòtò padà síwájú, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kan àpótí fún àwọn aládùúgbò, ó ń súfèé. Àdíját ní kí wọ́n fi dókítà tuntun náà han òun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dúró lójú fèrèsé, ó ní, "Òjò ń bọ̀. Mo ń gbóòórùn ẹ̀." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi imú kan irun Fàúsátù. Ó ní ìpara yìí kọ́ lo máa ń lò tẹ́lẹ̀.

Fàúsátù sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́ inú rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Gbogbo wa la mọ ohun táwọn àgbà ń sọ nípa oúnjẹ téèyàn jẹ lójú àlá. Èyí kì í wá ṣe ojú àlá. Ojú kedere ni, ọ̀sán gangan ni. Ta ni ń bọ́ ọkọ òun? Kí ni ẹni náà yóò gbà lọ?

Ohun kejì tún wà tó kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló ń ta á jù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń dáná fún Sàkàrìyáù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ó gbé ọbẹ̀ Fàúsátù tọ́ wò, ó mi orí.

"Ó dáa," ó ní. "Àmọ́ iyọ̀ tọ̀sán yẹn ló mọ níwọ̀n jù."

Fàúsátù kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe Sàkàrìyáù láti wá tún ilẹ̀kùn kan ṣe n'Íkòtún. Fàúsátù nìkan ló wà nílé. Kí ọ̀sán tó kan, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, níbi kọnkéré tí wọ́n ti ń fọṣọ. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Iná kì í fọ́ ọ, ṣùgbọ́n kọnkéré yóò fọ́ ọ.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé ó gbọ́ mímí ara rẹ̀.

Ìkòkò náà bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wúwo díẹ̀. Ó tún wúwo sí i, bí ìgbà tí wọ́n ń bu nǹkan sínú rẹ̀. Tìn-ín. Ìró náà gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ egungun apá. Tìn-ín. Tìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Ẹnìkan fẹ́ atẹ́gùn sí ohun tó gbóná. Fùú. Fùú. Bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, tí kò fẹ́ kó jó òun lẹ́nu.

Ọwọ́ Fàúsátù kò lè jù ú mọ́. Oúnjẹ ni. Ẹnìkan ń dáná. Wọn kò tọ́ ọ dàgbà láti da ọbẹ̀ tó wà lórí iná nù. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí kọnkéré. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ kú ìdáná o," ó ní.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Tìn-ín. Ẹyọ kan péré.

Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe padà dé iwájú ilé.

Lọ́jọ́ kejì, kò pàtẹ. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Gowon Estate. Ó bá Agnes láàárín páálí, ó ń di ẹrù. Agnes fún un ní àpótí kan jókòó. Fàúsátù kò mọ ibi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí imú ọkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ dé orí ìró. Agnes ń gbọ́, ojú rẹ̀ kò yí padà, ó ń rọra ká ìwé ìròyìn. Àfìgbà tí Fàúsátù dé orí ẹ̀bọ̀lọ̀.

Ọwọ́ Agnes dúró.

"Ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ẹja àrọ̀," ó ní.

"Ohun tó sọ nìyẹn."

"Ó sì jóná lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ wo ni?"

"Àtàláátà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì."

Agnes jókòó sórí páálí. Páálí náà wọ́, kò bìkítà.

"Ìyá mi ló ni ìkòkò yẹn," ó ní. "Mo rà á fún wọn ní ọdún 1968. Nígbà tó ku àwọn nìkan nílé, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní àwọn ò nílò ìkòkò ọlọ́pọ̀ èèyàn mọ́."

Fàúsátù rọra béèrè. "Ìgbà wo ni Màmá kú?"

"Wọn ò kú," Agnes sọ. "Wọ́n wà n'Ílaró. Ara wọn le ju tèmi lọ."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Mo lọ kí wọn ní Sunday tó kọjá," Agnes ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n sọ ti ọbẹ̀ tó jóná fún mi. Wọ́n ní ẹnìkan ń jẹ ọbẹ̀ àwọn. Wọ́n ní bí àwọn bá sè é tán lọ́sàn-án, yóò dín kù kí àwọn tó sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ológbò, kì í ṣe olè. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ti ń ṣe wọ́n. Mo ti ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn. Mo ti fẹ́ ti ilé ìdáná yẹn pa, kí wọ́n má lọ jó ara wọn."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, ẹ̀rín ló wà lábẹ́ rẹ̀, àti ẹkún.

"Ìyá mi ò ṣarán," ó ní.

Sátidé ni wọ́n lọ, nínú mọ́tò Agnes. Wọ́n gba Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n gba Ọ̀tà, ó di Ìlaró. Sàkàrìyáù wọ agbádá. Ìkòkò wà lórí itan Fàúsátù, ó tutù bí omi àmù.

Matilda ni orúkọ ìyá Agnes. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, ó gùn, ó dúró ṣánṣán bí igi ọ̀pẹ. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n ti bá a. Kò wo Agnes. Kò wo ìkòkò. Sàkàrìyáù ló ń wò, láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ lò ń jẹ ọbẹ̀ mi," ó ní.

Sàkàrìyáù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá. "Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Inú ò bí mi. Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Mà. Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó jóná."

"Ewúrẹ́ ló wọ inú ẹ̀gẹ́ mi lẹ́yìnkùlé," Matilda sọ. "Mo lé e lọ. Kí n tó dé, ó ti jóná." Ó yíjú sí Fàúsátù. "Obìnrin kan kí mi ní Thursday. Ó ní mo kú ìdáná."

"Èmi ni, Mà," Fàúsátù sọ.

"Mo dá ọ lóhùn."

"Mo gbọ́ yín."

Adìẹ kan ń tan ilẹ̀. Sàkàrìyáù ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó gbé orí sókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ń dà mí láàmú. Mùsùlùmí ni mí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ò sí níbẹ̀ rí, àbí?"

Matilda rẹ́rìn-ín débi pé ó di ilẹ̀kùn mú. "Eyín wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹran? Ẹja ni mò ń jẹ. Dìde, agbádá ẹ ti dọ̀tí."

Wọ́n bi í bó ṣe rí. Kò mọ̀. Ó ní búrẹ́dì àti gàrí ni òun ti ń jẹ láti ìgbà tí ilé ti dá, nítorí kí lèèyàn fẹ́ sebẹ̀ fún ẹnu kan sí. Nígbà tó di oṣù keje, ẹ̀bọ̀lọ̀ hù lẹ́yìn ilé, ó wu òun, òun sè é. Ó dín kù lójú òun. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba òun. Lọ́jọ́ kejì, òun tún sè, òun fi ṣíbí kan kún un. Ó tún dín kù. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni òun ń sebẹ̀, òun sì ń wo bí ẹni náà ṣe ń jẹ ẹ́.

"Ó pẹ́ tẹ́nìkan ti jẹ ọbẹ̀ mi tán," ó ní.

Ó bu oúnjẹ fún wọn lọ́jọ́ náà, oúnjẹ ojúkojú. Fàúsátù jẹ ẹ́. Ó ní lóòótọ́, kí òun má parọ́, iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n. Matilda mú un wọ ilé ìdáná, ó fi bó ṣe ń ṣe ẹ̀bọ̀lọ̀ kó má korò hàn án, bí ìyá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Fàúsátù gbé ìkòkò fún un, ó ní tiwọn ni. Matilda kọ̀ ọ́.

"Gbé e lọ sílé ẹ," ó ní. "Ibi tó wà nígbà tó rí mi, ibẹ̀ ni kó wà."

Agnes kò ti ilé ìdáná náà pa. Ó lọ sí Àbújá pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Wọ́n di ẹbí bẹ́ẹ̀. Bí ìró bá ti dún lọ́sàn-án, Fàúsátù á ní, "Ẹ kú ìdáná, Mà." Ẹyọ kan yóò dá a lóhùn. Ọkàn rẹ̀ kò pín sí méjì mọ́. Kò sí ohun tó tún kù tó lè dẹ́rù bà á, bó ṣe rò.

Ní oṣù Kejìlá, Matilda wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Ó ti ti ilé ìdáná rẹ̀ n'Ílaró pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró tó ró. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé yẹn. Wọ́n fi kọ́bọ́ọ̀dù náà hàn án, ó ń ka àwọn ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dáná, òun ni yóò sebẹ̀ bí oòrùn bá rọ̀.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Matilda wà lórí àga. Ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di funfun. Ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu wọn, wọn kò mọ ìgbà tí ọ̀sán kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìkòkò á sinmi lónìí," Sàkàrìyáù sọ.

Tìn-ín.

Ó pẹ́.

Tìn-ín, tìn-ín.

Kì í ṣe bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Ọwọ́ yìí rọra, kò kánjú. Òórùn náà wá dé. Lọ́jọ́ náà, Fàúsátù gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kún pálọ̀. Ó jáde lójú fèrèsé. Wọ́n gbọ́ ohùn Àdíját lẹ́yìn ògiri, ó ń béèrè kí ni wọ́n ń sè níbẹ̀ yẹn, jàre.

Sàkàrìyáù fa imú. Kò di ojú bó ṣe máa ń ṣe.

"Màmá," ó ní wẹ́rẹ́, "ó jọ ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yín."

Ọwọ́ Matilda wà lórí kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìró. Ìdérí gíláàsì ti ń fi ooru bojú, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tú ká, gbogbo ìhunjọ ara rẹ̀ sì rọ̀. Ó dìde lórí àga. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan, bí ọmọ kékeré tí wọ́n ní kó dúró de oúnjẹ.

"Fàúsátù," ó ní, "bá wa gbé e wá. Wọn kì í fẹ́ ká jẹ́ kó tutù."

Fàúsátù mú àkísà. Ó gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ẹní. Sàkàrìyáù bomi wá fún ìfọwọ́. Ta ni "wọn"? Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ Matilda. Òun náà kò sọ.

Mo bi Fàúsátù léèrè ohun tó wà nínú ìkòkò náà nígbà tí wọ́n ṣí i. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n jẹ ẹ́ tán.